Yèyé Àwẹ̀ró, Agbálẹ̀ Ìrọ̀lẹ́

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí Yèyé Àwẹ̀ró, ìyá tó bí ìyá mi, dákẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán. Kì í ṣe ìjà ogún. Kí ni Yèyé fi sílẹ̀ tá a ó jà sí? Àpótí aṣọ kan, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, àti ìgbálẹ̀ mẹ́rin. Ìjà ibi tí a ó ti gba àlejò ìsìnkú ni. Bọ̀dá Délé, àbígbẹ̀yìn Yèyé tó ń gbé Èkó, ní inú ọgbà ìgbafẹ́ ni ká na àtíbàbà sí, nítorí ibẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́jú, igi ń ṣíji bò ó, ibẹ̀ náà sì ni ìyá òun fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gbá. Èmi ní rárá. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ní nítorí ẹtu.

Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lọ́jọ́ náà, bí mo bá rántí, ojú ṣì ń tì mí díẹ̀. Bọ̀dá Délé wò mí tìyanu-tìyanu, èmi tíṣà tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ mẹ́ta. Ó ní, "Àjọkẹ́, o fẹ́ ká lé àlejò ìyá wa nítorí ẹran ìgbẹ́?" Mi ò lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn. Ìdáhùn mi gùn, òun sì ni mo jókòó kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọgbà náà ná. Igbó kékeré kan ló wà létí odò, lápá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Àrán-Ọ̀rin, igbó tí àwọn baba wa ò dá oko sí. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí gbogbo ìlú ń wá ohun tí yóò fi hàn pé ojú òun náà ti là, ìgbìmọ̀ kan dìde láàárín àwọn ọmọ ìlú. Wọ́n fi wáyà yí igbó náà ká, wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n mọ àga sìmẹ́ńtì síbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu géètì pé ọgbà ìgbafẹ́ ni. Ó wá ku ẹni tí yóò máa gbá a. Yèyé, tó ti di opó kí wọ́n tó bí mi, ló lọ gba iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ bínú, wọ́n ní iṣẹ́ àbùkù ni. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì, ẹ ò mọ ẹni tó ń wọlé tó ń jáde lẹ́yìn yín. Èmi yóò mọ̀."

Ó sì mọ̀ lóòótọ́. Yèyé ò mọ̀wé, ilẹ̀ ló ń kà. Bí àwọn olùgbafẹ́ bá ti lọ nírọ̀lẹ́, tí oòrùn ti ń fà sẹ́yìn igi, á gbá ewé àti ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀nà, á wá fa imọ̀ ọ̀pẹ kan tó gùn lórí yanrìn náà títí yóò fi dán bí ojú àwo. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, á gba etí koríko, á máa wò ó. Òkété ló wọ́ ìrù kọjá níbí. Ẹtà ló dúró níbẹ̀ yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti ológbò àgbà. Àparò àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ya ìka mẹ́ta-mẹ́ta sílẹ̀. Ti ẹtu ló fẹ́ràn jù, ipasẹ̀ ṣóńṣó méjì, bíi kóró ẹ̀pà méjì tí wọ́n tò síra wọn. Ó máa ń kí wọn bí ẹni ń kí ará ilé: "Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ pẹ́ dé lánàá. Ṣé kò sí?"

Mo bi í nígbà kan pé báwo ló ṣe mọ̀ pé wọ́n pẹ́ dé. Ó tẹ̀ mí lórí ba kí n lè rí ilẹ̀ dáadáa. Ó ní ipasẹ̀ tí ìrì sẹ̀ lé, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọjá. Èyí tó fọ́ ìrì, ìdájí ni. Ìrì ni aago rẹ̀. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé lọ́jọ́ Àìkú, tí ọgbà bá ti kún fún èèyàn, àwọn ẹran kì í jáde títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá, wọn ò sì ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ẹsẹ̀ wọn á ṣì máa lọ́ra. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ti padà sí ìrọ̀lẹ́ wọn. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ alẹ́ lásìkò. Lọ́jọ́ Àìkú, sààrì ni wọ́n ń jẹ."

Kẹ́ ẹ má rò pé Yèyé kórìíra àwọn tó ń wá ṣeré. Ó fẹ́ràn wọn ju bó ṣe yẹ lọ! Nígbà owó epo yẹn, tọkọtaya a máa wá láti Ìlọrin àti Ọ̀fà pẹ̀lú mọ́tò tó ń dán, wọ́n á gbé giramafóònù sórí àga sìmẹ́ńtì, wọ́n á tú ìrẹsì àti adìyẹ jáde nínú kúlà. Yèyé á sinmi lé ìgbálẹ̀ rẹ̀, á máa jó díẹ̀díẹ̀ láti ìbàdí wá sísàlẹ̀. Wọ́n á fún un ní itan adìyẹ, kò ní kọ̀ ọ́. Kò sí orin tó jáde nígbà náà tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò kórìíra ẹran ìgbẹ́ nínú ọbẹ̀. Bí ọdẹ bá pa ọ̀yà lóko, orí ọ̀yà ni ó máa ń tọrọ. Bí mo bá bi í pé ṣé àánú ọ̀yà ò ṣe é, á ní, "Ti oko ni ti oko, ti ọgbà ni ti ọgbà. Àwọn tọgbà, àlejò ló kún ilé wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lálejò ti níṣòro tó."

Ohun kan ṣoṣo ló ń já a láyà títí ó fi kú: kí ẹnì kan má lọ wo igbó náà lọ́sàn-án, kó rí i pé kò sí nǹkan kan, kó ní ẹran ti tán níbẹ̀. Torí bí ẹran bá ti tán, kí ni igbó tún kù fún? Wọ́n á gé e ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ta ló ń gbálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láàárín àwa Yorùbá? Ẹni tó bá gbálẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, oríire ilé ló gbá sóde. Ìyá Ràbí, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé òun àti ti Yèyé lẹ́bàá ọgbà náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà omidan, kò gba ìwà yìí láyé. Bó bá ti gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, á wá dúró lẹ́yìn wáyà, á káwọ́ lérí. "Àwẹ̀ró, o tún ti ń gbá àlùbáríkà dànù! Èmi tí mò ń gbé nítòsí ńkọ́?" Yèyé á ní, "Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, bá mi gbé e pamọ́." Ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi ja ìjà yìí. Nígbà tí òjò pẹ́ kó tó rọ̀, Ìyá Ràbí ní ìgbálẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìgbálẹ̀ ni. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀, ó ní àwọn tó ń ṣèjọba lè rò pé àwọn ni, òun mọ ẹni tó fà á.

Yèyé ní àṣà kan tó le ju ẹgba lọ. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ló ń sọ nílé, èyí tí àwọn ìyàwó wa láti Ọ̀yọ́ kì í gbọ́ tán. Yorùbá ìwé, àlejò ló fi ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí o bá ṣẹ̀ ẹ́ gan-an, kò ní pariwo. Á kàn yí ahọ́n padà, á máa bá ọ sọ Yorùbá ilé ìwé, á máa pè ọ́ ní "ẹ̀yin". O ti di àlejò nìyẹn, títí o fi máa tọrọ àforíjì. Mo fọ́ ìkòkò omi rẹ̀ nígbà kan, mo sì purọ́ pé ewúrẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọbìnrin. Ẹ bá wa kí àwọn ará ilé yín." Mo sunkún débi pé mo jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí gbogbo Ọ̀mù-Àrán wá mọ Yèyé ni ọjọ́ ọ̀rọ̀ kíka ẹran. Ìgbìmọ̀ ọgbà gba akọ̀wé tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó múra dáadáa tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Akọ̀wé ní àwọn èèyàn fẹ́ máa gbafẹ́ di alẹ́, pé kí wọ́n ri òpó iná, kí wọ́n gé igbó etí odò, kí wọ́n kọ́ ilé ọtí síbẹ̀. Alága ìgbìmọ̀, àgbàlagbà pẹ̀lẹ́ kan, bèèrè pé àwọn ẹran tó wà níbẹ̀ ńkọ́. Akọ̀wé ní ẹran wo? Ó ní òun á kà wọ́n. Ọjọ́ wo ló wá mú? Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ Gálílì! Ó ní ọjọ́ ìsinmi ni, àyè yóò gba òun.

Ẹni tó bá mọ ohun tí Gálílì jẹ́ nílùú wa yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìjọ ló kó wá, àwọn ọmọ ilé ìwé Àìkú ń sáré, giramafóònù mẹ́rin ń kọ orin mẹ́rin, àwọn Mùsùlùmí náà wá bá wọn jẹun. Láàárín gbogbo rẹ̀, akọ̀wé ń rìn pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó ń wojú igi. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti rí alángbá, ó rí ológbò kan tó bá olówó rẹ̀ wá, ó sì rí ewúrẹ́ Ìyá Ràbí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹranko ti tán nínú ọgbà náà.

Yèyé gbọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó gba ilé alága lọ tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀. Ó ní, "Alága, bí mo bá wá sílé yín lọ́jọ́ tí àlejò gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́, tí mi ò rí yín ní pálọ̀, ṣé mo lè lọ kéde pé ẹ ti kú?" Alága ní rárá. Yèyé ní kí wọ́n bá òun ti géètì ní aago mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́rin péré, kí wọ́n wá ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún.

Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọlidé ni mo wá lò. Alága wá, àgbà ìlú méjì wá, akọ̀wé náà wá pẹ̀lú bàtà aláwọ̀ pupa. Yèyé ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, kí wọ́n tò lórí koríko bí ọmọ ilé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má tẹ yanrìn. Wọ́n sì bọ́ ọ! Ilẹ̀ tẹ́ rẹrẹ níwájú wa, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀, ipasẹ̀ sì kún ún láti etí odò dé ìdí àga sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti jẹ ìrẹsì. Yèyé ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tọ́ka sí i: òkété nìyí, àparò nìyí, ẹtu nìyí, ìyá àti ọmọ.

Akọ̀wé ní, "Màmá, ewúrẹ́ lèyí."

Yèyé kọjú sí wáyà, ó ké, "Ìyá Ràbí! Bá mi fa ìyá ewúrẹ́ rẹ wá!" Ìyá Ràbí fà á dé, ó ń ráhùn pé oorun ṣì wà lójú ewúrẹ́ òun. Yèyé gba okùn, ó fa ewúrẹ́ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipasẹ̀ ẹtu, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ti ewúrẹ́ fẹ̀, ó kú nídìí, ó ń wọ́lẹ̀. Ti ẹtu kéré, ó mú ṣóńṣó, bí ẹni ń rọra rìn kọjá níwájú yàrá ẹni tó ń sùn. Ọmọdé á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ dé òpin, ó tún ya ìgbẹ́ lé e, alága ní ó ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín.

Yèyé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ahọ́n sí Yorùbá ìwé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Ó ní, "Wọn kò lọ. Ẹ̀yin ni ẹ gba ọ̀sán mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún yín láìjà. Bí ẹ bá tún fi iná gba òru, nígbà wo ni kí wọ́n jẹun?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé aago mẹ́rin ni ọgbà yóò máa tì, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igbó etí odò. Òpó iná méjì tí akọ̀wé ti sáré rì kí wọ́n tó ka ẹran ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wọn ò tan iná kan lórí wọn rí, ẹyẹ ló kọ́lé sí ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà lọ, bí aago mẹ́rin bá ti lù, Yèyé á máa rìn láàárín àwọn olùgbafẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, á máa wí pé, "Ó tó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílé wọlé."

Wọ́n máa ń sọ pé ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nì kan. Nígbà tí nǹkan le, ta ló rí epo rọ sí mọ́tò débi pé yóò wá jẹ ìrẹsì lábẹ́ igi ní Ọ̀mù-Àrán? Ta ló rí ìrẹsì gan-an? Wọ́n ta giramafóònù. Ìgbìmọ̀ túká láìṣèpàdé. Wáyà ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní díẹ̀díẹ̀, a sì ń rí i lára ilé adìyẹ káàkiri ìlú. Kò sẹ́ni tó ní kí Yèyé má gbálẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ní kó máa gbá a. Ó ń gbá a.

Ìgbà yẹn ni nǹkan ìyanu ṣẹlẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹran ò dúró de òru mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ gba ìrọ̀lẹ́ padà, wọ́n gba aago mẹ́rin, wọ́n gba mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Yèyé jókòó lórí àga sìmẹ́ńtì, à ń jẹ ẹ̀kọ tútù láìsí ẹran. Ẹtu kan jáde, oòrùn ń ràn lára rẹ̀. Ó tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n là fún èèyàn, ó mu omi, ó wò wá bí ẹni ń wo aládùúgbò, ó padà. Yèyé di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ó ní, "Wọ́n ti gbọ́ pé owó ti tán lọ́wọ́ wa." Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ní ọdún tí ó ń fi iyọ̀ nìkan jẹ ẹ̀kọ.

Ọdún yẹn náà ni Bọ̀dá Délé padà wálé fúngbà díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti lé wọn, ó kó ìyàwó àti ọmọ méjì wá sílé Yèyé. Ebi wà. Ohun tó sì ń rìn kiri lọ́sàn-án gangan lẹ́yìnkùlé wa, ẹran ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Yèyé rí ipasẹ̀ bàtà lójú yanrìn, bàtà tó ti jẹ nígìgísẹ̀ ọ̀tún. Ó tẹ̀lé e, ó bá tàkúté mẹ́ta létí odò, ìkan ti di ẹsẹ̀ àparò mú. Ó tú àparò náà sílẹ̀, ó kó tàkúté sínú apẹ̀rẹ̀, ó wálé. Bọ̀dá Délé ń fọ ẹnu.

Yèyé ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gbẹ́ni. Ta lẹ ń wá?"

Bọ̀dá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí apẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Yèyé fi ń pè é ní "ẹ̀yin", tó ń gbé àga àlejò fún un, tó ń bu oúnjẹ rẹ̀ sínú àwo tí a fi ń gba pásítọ̀ lálejò. Kò sẹ́ni tó lè jẹun dáadáa nínú ilé. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí ní ìwọ." Yèyé gbé e dìde. Ẹnu Ìgbómìnà rẹ̀ padà dé, ó ní ebi ń pa ọ́, mo mọ̀, ebi ń pa èmi náà. Ó ní kó lọ sóko, kó lọ dọdẹ níbẹ̀, kó mú orí ọ̀yà bọ̀ fún òun. Ó wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé: "Àwọn tibí gbà wá gbọ́ kí wọ́n tó jáde lọ́sàn-án. Ẹni tó gbà ọ́ gbọ́, o ò gbọdọ̀ dẹ tàkúté dè é."

Ní oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo wá wò ó láti Ìlọrin. Kò lè mú ìgbálẹ̀ dúró mọ́. Ó ní kí n gbé òun jókòó sójú fèrèsé. Ó ní, "Àjọkẹ́, mo mọ̀ yín. Bí mo bá lọ, ẹ ó fẹ́ ṣe é kó gbayì. Ẹ má fi òkú mi lé wọn o." Èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Ìdí tí mo fi ní rárá nìyẹn, Bọ̀dá.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹbí, kò gùn tó báyìí. Nígbà tí mo dé ibi tàkúté, Bọ̀dá Délé tẹ orí ba, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ibòmíràn ò sí tó lè gba èrò, òótọ́ sì ni. Ó ní ká lò ó bí Yèyé ṣe ní kí wọ́n máa lò ó: kí ẹnikẹ́ni má dé etí odò, kó sì parí ní aago mẹ́rin. Mo gbà, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Ìsìnkú ìyá àgbà, tí ọmọ Èkó ń náwó rẹ̀, èwo ni yóò parí ní mẹ́rin?

A sin ín, a wọ ọgbà. Èrò pọ̀ ju ti Gálílì lọ. Olórin dé tẹ̀rọ-tẹ̀rọ, àwọn ìbátan láti Èkó àti Kàdúná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Mò ń wo aago ọwọ́ mi. Nígbà tó di mẹ́rin, Bọ̀dá Délé dìde láàárín agbo, ó lọ pa jẹnẹrétọ̀. Orin dúró. Ó ní, "Ó tó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílé wọlé." Ìbátan wa kan tó ti mutí yó fariga, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Bọ̀dá Délé súnmọ́ ọn, ó tẹrí ba fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi Yorùbá ìwé kí i: "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ọ̀gbẹ́ni. Ta lẹ ń wá?" Gbogbo ẹbí bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Ìbátan náà gbé àga rẹ̀ lórí, ó ń lọ.

Nígbà tí wọ́n tú àtíbàbà tán, oòrùn ti ń wọ̀. Mo lọ mú ìgbálẹ̀ kan nínú mẹ́rin. Mò ń gbá eegun adìyẹ àti bébà kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ mìíràn lẹ́yìn mi. Ìyá Ràbí ni, tòun ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀, ó ń gbálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní, "Ìyá, àlùbáríkà ńkọ́?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Tèmi ni ẹ gbé sin lọ́sàn-án yìí." Àwa méjèèjì la fa imọ̀ ọ̀pẹ náà.

A padà débẹ̀ ní kùtùkùtù, àwa méjì náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ṣófo. A gba etí koríko, a rìn dé ibi tí olórin gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà, ṣóńṣó méjì, ṣóńṣó méjì, wọ́n fọ́ ìrì, wọ́n sì la àárín ibi tí àga wa wà kọjá lọ sódò. Wọ́n pẹ́ dé, ṣùgbọ́n wọ́n wá.

Ìyá Ràbí di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ti ipasẹ̀ náà. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o," ó ní. Mo ti la ẹnu láti dáhùn kí n tó rí i pé kì í ṣe èmi ló ń kí.